Lẹ́tà Kẹta

Lẹ́tà àkọ́kọ́, mo fi ìbínú kọ ọ́.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ẹja dé,
òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́kàn mi.
Ojú ìwé mẹ́rin. Kò sí ibi tí mi ò ti gún un.

Nítorí ohun tó sọ lórí rédíò ní alẹ́ Ọjọ́rú ni:
pé òkun gbé àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn mì
torí pé wọ́n ju àwọ̀n ní ọjọ́ Olúwa.
Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka iye owó epo.
Gbogbo erékùṣù wa gbọ́ ọ, Skarvholm, ìpẹ̀kun Nọ́wè.
Ragnfrid, ìyá Eivind, gbọ́ ọ
nídìí abọ́ ọbẹ̀ tí kò tíì lè jẹ.
Ó na ọwọ́, ó pa rédíò.
Láti ọjọ́ náà, kò tan án mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lọ.
Èmi ni mo bá wọn gbé yìnyín sínú ọkọ̀.
Ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìjì ṣe ìyókù.
Pásítọ̀ Oddvar kò bi ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà kejì, oyin ni.
Mo kí i títí, mo yìn ín títí,
nígbà tí mo fi máa dé orí ọ̀rọ̀, ìwé ti tán.
A kì í fi ṣúgà di egbò.

Kí n sọ òtítọ́: mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló jókòó ti Håkon ọkọ mi
nígbà tí ikọ́ ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀.
Ó máa ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu.
Ọwọ́ yẹn náà ló di maikirofóònù mú.
Èwo ni mo fẹ́ gé?

Lẹ́tà kẹta, ìlà mẹ́fà péré:
ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́,
ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹni tí mo lè pè ṣe ẹlẹ́rìí,
ohun tí mo fẹ́ kó ṣe.
Ìlà tó kẹ́yìn: Mo ṣì rántí ṣíbí yẹn.

Mi ò fi han ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.
Mo wọ bàtà òjò, mo gba inú òjò dídì lọ,
mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ọ̀kan ti lu ní àtàǹpàkò.
Ó gbé kọfí kalẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.
Kọfí náà tutù.

"Màá lọ bá Ragnfrid lálẹ́ òní," ló wí, "jẹ́ẹ́jẹ́."
Mo ní, "Ẹ lọ. Ó tọ́ kí ẹ lọ.
Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, ẹ kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.
Ihò tí okùn gbà wọlé ni yóò gbà jáde."
Ó ní àwọn èèyàn yóò fi òun rẹ́rìn-ín.
Mo ní, "Bóyá. Màá jókòó tì yín."

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, mo wà lẹ́yìn gíláàsì ilé rédíò,
mo di àpò mi mú bí ọmọdé.
Ó ní, "Ohun tí mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe òótọ́.
Mi ò wádìí. Ká tiẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ,
ta ló rán mi láti túmọ̀ ìgbì òkun fún ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀?"
Ohùn rẹ̀ há. Ó pe orúkọ wọn,
Eivind, Torgeir, Jostein kékeré,
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa èèyàn jáde nínú omi.

Bóyá Ragnfrid gbọ́, mi ò mọ̀.
Nígbà tí mo ń darí lọ sílé, iná ilé ìdáná rẹ̀ ń tàn,
fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.
Àwọn kan ní pásítọ̀ ti di ọ̀dẹ̀.

Èmi, mo délé, mo ṣí dúrọ́ọ̀.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀,
mo ti ń pa á mọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò.
Mo tún un kà. Irọ́ méjì wà nínú tèmi náà.
Mo ṣí ẹnu sítóòfù.
Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó tú u sílẹ̀.